Omi Iyọ̀ Nínú Ẹ́ńjìnnì Ebúté Oore-Ọ̀fẹ́

Èmi ni Dorcas Àṣàkẹ́ Akínrìnádé, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, opó Sámúẹ́lì Akínrìnádé tí ó ni ẹ̀rọ ìlọ ẹ̀gẹ́ ní Ẹgbẹ́dá, ní ilẹ̀ Ìbàdàn. Ọmọ Jòsáyà Ọlátẹ́jú ni mí. Ọlátẹ́jú jẹ́ ọmọ Ògúnyalé, Ògúnyalé tí ó pọn ìyá rẹ̀ jáde kúrò ní Ìjàyè ní ọjọ́ tí ìlú náà fọ́, tí ó sì tẹ̀dó sí ìtòsí Àkànrán pẹ̀lú àdá kan àti ebu iṣu méje. Mo ka ìwé mẹ́fà ní àsìkò tí ó jẹ́ pé ọmọbìnrin méjì péré ni a wà nínú kíláàsì wa, èkejì mi kò sì parí tirẹ̀. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà dá mi dúró ní ìdajì ọ̀nà láti bèèrè pé kí ni obìnrin mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì.

Ohun tí mo mọ̀ kì í ṣe kékeré. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi dúró ti ẹ̀rọ ìlọ ẹ̀gẹ́ ọkọ mi, lẹ́yìn tí ó sì papò dà, mo fi ọdún mẹ́fà dúró tì í ní èmi nìkan. Àwọn tí wọ́n máa ń gbé ẹ̀gẹ́ wá láti oko wọn mọ̀ pé ẹ̀rọ Ìyá Akínrìnádé kì í fi ọjọ́ ọjà ṣàìsàn.

Mo ń kọ èyí nítorí pé ìtàn ìrìn-àjò tí mo rìn lọ sí ilẹ̀ Ìlàjẹ ní ọdún 1964 ti di oríṣiríṣi lẹ́nu àwọn ará ilé. Àwọn kan ní mo tún ọkọ̀ ọba ṣe. Àwọn mìíràn ní mo fi ẹnu bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀ tí ó sì dáhùn. N kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí.

Ibi tí ilẹ̀ ti parí

Ìbídùn, àbígbẹ̀yìn mi, ni ó fa ìrìn-àjò náà. Tíṣà ni ọkọ rẹ̀, Tímótì ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ sì ni. Nígbà tí oyún Ìbídùn di oṣù mẹ́jọ, Tímótì mú un lọ sí abúlé rẹ̀, kí ó lè bímọ sí ọwọ́ ìyá Tímótì. Nígbà tí lẹ́tà dé pé ó ti bí ọmọbìnrin, mo di ẹrù: èlùbọ́, àdí, ọṣẹ dúdú, àti osùn tí a ó fi máa pa ọmọ lára. Ìyá ìyàwó ni í wẹ ọmọ tuntun ní ìdílé tiwa, bí ọmọ náà tilẹ̀ wà ní òpin ayé.

Òpin ayé ni mo sì lọ ní tòótọ́. Mo ti rò pé mo mọ ohun tí ó ń jẹ́ omi. A ní odò ní Àkànrán, odò tí ènìyàn lè ká aṣọ sókè kí ó sì là á kọjá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà mo dé ibi tí ọ̀nà mọ́tò ti dúró lójijì bí ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń sọ ọ́ gbàgbé, omi nìkan ni ó sì kù níwájú, ó tẹ́ lọ, ó tẹ́ lọ, kò sí igi, kò sí òkè, kò sí ibi tí ojú lè fẹ̀yìn tì.

Obìnrin méjì ni ó wá gbé mi pẹ̀lú ọkọ̀ onígi. Mo jókòó sí àárín rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dè. Bí ọkọ̀ bá fì sí ọ̀tún, èmi a fì sí òsì.

"Ìyá Ìbàdàn," ni èyí tí ó wà lẹ́yìn wí, "ẹ má bá ọkọ̀ jà. Ó mọ̀ ọ́n lọ."

"Mi ò bá a jà," mo dáhùn. "Mo ń ràn án lọ́wọ́ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àjẹ̀ fi dúró lọ́wọ́ wọn. Mo bi wọ́n léèrè pé ṣebí Tímótì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ìlú wọn ní ọkọ̀ tí ó ń fi ẹ́ńjìnnì sáré. Ẹ̀rín náà kú. Èyí tí ó wà níwájú kò bojú wẹ̀yìn.

"Ó ní i," ó wí. "Ẹ́ńjìnnì náà ti mu omi àdúrà yó."

N kò lóye ọ̀rọ̀ náà. Mo sì gbéraga ju kí n béèrè lẹ́ẹ̀kejì lọ.

Ebúté

Ebúté Oore-Ọ̀fẹ́ ni orúkọ abúlé náà. Àwọn Aládùúrà ni ó tẹ̀ ẹ́ dó, orí òpó ni gbogbo ilé wọn wà, pákó ni wọ́n sì tẹ́ láti ilé kan dé èkejì bí ọ̀nà. Mo rí ọmọdé tí kò tíì lè sọ orúkọ rẹ̀ já geere tí ó ń wa ọkọ̀ lọ ra iyọ̀. Ewúrẹ́ wọn mọ ibi tí pákó ti jẹrà, wọn a sì fò ó kọjá.

Ìlú jáde wá pàdé mi. Wọ́n kí mi, wọ́n gba ẹrù mi, wọ́n sì sọ fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín pé kí n bọ́ bàtà mi, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà ní ìlú náà. Ìjọ tí mo ti dàgbà, bàtà ni a fi ń wọ ibẹ̀, bàtà mi sì jẹ́ awọ dáradára. Mo dúró díẹ̀ kí n tó bọ́ ọ. Mo bọ́ ọ nígbà tí mo rí i pé Ọlọ́jà fúnra rẹ̀ kò wọ bàtà kankan. Ọlọ́jà ni wọ́n ń pe ẹni tí àwa ń pè ní baálẹ̀. Àgbàlagbà tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í sì í sọ̀rọ̀ kánkán.

Ohun mìíràn tún ya mí lẹ́nu. Wọ́n máa ń sọ "ìwọ" fún àgbà ní ilẹ̀ wọn, kò sì sí àfojúdi kankan nínú rẹ̀, bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni. Èmi nìkan ni wọ́n ń sọ "ẹ" fún, nítorí pé Tímótì ti kìlọ̀ fún wọn pé ará Ìbàdàn ni ìyá ìyàwó òun.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹni tí ó wá sí ebúté, n kò rí àna mi, ìyá Tímótì. Mo wò yíká. Ní ilẹ̀ tiwa, bí ìyá ìyàwó bá rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tí ìyá ọkọ kò sì jáde, ọ̀rọ̀ ti wà nínú rẹ̀.

Mo bá a nínú yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ẹ́sítà ni orúkọ rẹ̀, obìnrin tí ó ga, tí ó gbẹ, tí ó wọ aṣọ funfun. Ó ti kúnlẹ̀ kí n tó wọlé.

"Ẹ má bínú sí mi, ìyá ọmọ mi," ó wí. "Wọn ò gbà kí n dé ebúté mọ́."

Ẹ̀sùn

Mo gbé ọmọ, mo wẹ̀ ẹ́, mo pa á ní osùn, mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán ní ọjọ́ yẹn gan-an.

Láti ọdún mọ́kànlá ni Ìyá Ẹ́sítà ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ebúté ní òwúrọ̀ láti gbàdúrà sí àwọn ọkọ̀. Ó ní ìkòkò funfun kan tí ó fi ń gbe omi òjò. Omi náà kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kan odò. Yóò ki imọ̀ ọ̀pẹ bọ̀ ọ́, yóò sì wọ́n ọn sí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìlú dáwó ra ẹ́ńjìnnì, ó ń wọ́n ọn sí ẹ́ńjìnnì náà.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú omi. Yóò gbéra dáadáa, yóò dé ibi tí àwọn apẹja ri òpó àwọ̀n wọn mọ́, yóò wú ikọ́, yóò yọ èéfín funfun, yóò sì dákẹ́. Ní ọjọ́ kan, aboyún kan wà nínú ọkọ̀ tí ó ń lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ́ńjìnnì kú, obìnrin náà sì bímọ sínú ọkọ̀ lábẹ́ oòrùn. Ìyá yè, ọmọ yè, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ba ìlú. Orímisàn tí ń wa ọkọ̀ náà yọ ohun tí ó ń ṣá iná nínú ẹ́ńjìnnì, èyí tí à ń pè ní púlọ́ọ̀gì. Ó fa okùn tí a fi ń jí ẹ́ńjìnnì, omi sì tú jáde bí ìtọ́. Ó yíjú sí Ìyá Ẹ́sítà níṣojú gbogbo ènìyàn.

"Omi tí ìwọ ń wọ́n ni èyí!" ni ó wí.

Ìgbìmọ̀ jókòó. Ọlọ́jà ní kí Ìyá má ṣe dé ebúté títí wọn yóò fi mọ òtítọ́. Bí ó bá jẹ́ pé omi rẹ̀ ni, kí ó kó ẹrù rẹ̀ padà sí abúlé bàbá rẹ̀, nítorí pé ìlú kò lè máa gbé láàárín omi pẹ̀lú ọkọ̀ tí kò lè rìn. Opó ni. Láti ogójì ọdún ni ó ti fi abúlé bàbá rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń retí rẹ̀ níbẹ̀ mọ́.

"Kí ni ẹ̀yin fúnra yín sọ?" mo bi í.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé bí ó bá jẹ́ èmi ni, kí ó dárí jì mí."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju ẹ̀sùn náà lọ. Mo sọ fún Ìbídùn pé kí ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Bí mo ṣe kọ́kọ́ ṣìnà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ebúté. Orímisàn ń tẹ́ àwọ̀n sára òpó. Ọkùnrin bí ẹni ogójì ọdún ni, apá rẹ̀ nípọn, ó sì fẹ́ràn àwàdà.

"Ìyá Ìbàdàn! Wọ́n ní ẹ ní ẹ́ńjìnnì nílé."

"Mo ní i. Èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀."

"Kí ni tiyín ń ṣe?"

"Ó ń lọ ẹ̀gẹ́."

Ó pariwo sí àwọn tó wà nítòsí. "Ẹ gbé ẹ̀gẹ́ wá o! Ìyá Ìbàdàn fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì wa lọ gàrí!"

"Bí o bá ti rí i pé ó ń lọ omi," mo dá a lóhùn, "kí ni yóò dí ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́?"

Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Láti ìgbà náà ni ó ti gbà kí n fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà. Ó kéré ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n ìbátan ni wọ́n. Tèmi ní ihò irin kan tí iná ti ń jó nínú rẹ̀, èyí tí à ń pè ní sìlíńdà. Tiwọn ní méjì, ọ̀kan lórí èkejì. Tèmi ń gba omi tí mo bá bù sí i láti fi tu ara rẹ̀, tiwọn ń fa omi ọ̀sà sókè fúnra rẹ̀, ó ń yí i ká àwọn sìlíńdà náà, ó sì ń tu ú dànù lẹ́yìn.

N óò sọ àṣìṣe mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí wọ́n ń sọ ìtàn yìí ní Ẹgbẹ́dá kì í fi í kún un. Mo gbé orí sókè, mo sì kéde pé omi wà nínú bẹntiróò. Mo ní ẹni tí ó tà á fún wọn ni ó bu omi sí i. Mo ní kí wọ́n gbé ìgò wá, mo ní kí wọ́n da bẹntiróò sí i, kí wọ́n gbé e sínú òjìji, nítorí pé omi wúwo ju bẹntiróò lọ, bí ó bá wà níbẹ̀, yóò wálẹ̀ sí ìdí ìgò.

Gbogbo ìlú dúró yí ìgò náà ká. A dúró títí. Ìdí ìgò mọ́ bí ojú ọmọ tuntun. Kò sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀.

"Ìyá Ìbàdàn," ni Orímisàn wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ṣé kí a tún máa wò ó ni?"

Ìtìjú mú mi. Mo ti fẹ́ mú ẹ̀sùn kúrò lórí aláìṣẹ̀ kan kí n sì gbé e lé aláìṣẹ̀ mìíràn tí n kò rí rí. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀, ní gbangba, mo sì tún jókòó.

Ẹnu méjì, igbá kan

Mo ní kí Orímisàn tú púlọ́ọ̀gì méjèèjì, kí ó sì tẹ́ wọn sórí aṣọ funfun. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó ti máa ń tú tẹ́lẹ̀, ti ìsàlẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni omi ti ń tú jáde.

Púlọ́ọ̀gì òkè gbẹ, ó dúdú, epo wà lára rẹ̀ bí ó ti yẹ. Púlọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀ mọ́ kedere bí ẹni pé wọ́n fi eérú fọ̀ ọ́, omi sì dúró sí ẹnu rẹ̀.

Ayọ̀ kún inú mi. Mo ti rí irú ìmọ́tótó bẹ́ẹ̀ rí ní ilé mi. Nígbà tí omi bá wọ ibi tí iná ti ń jó, ooru a sọ ọ́ di èéfín, èéfín náà a sì fọ ibẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí èéfín rẹ̀ fi ń funfun.

"Orímisàn," mo wí, "ibo ni sìlíńdà méjèèjì ti ń mu bẹntiróò?"

"Ẹnu kan náà ni."

"Atẹ́gùn ńkọ́?"

"Ẹnu kan náà ni."

"Bí Ìyá bá wọ́n omi sí ẹnu yẹn, èwo nínú sìlíńdà méjèèjì ni yóò mu ún?"

Ó wo púlọ́ọ̀gì òkè, ó wo ti ìsàlẹ̀.

"Ẹni méjì kì í jọ mu nínú igbá kan kí ọ̀kan yó kí èkejì máa pòùngbẹ," mo wí. "Omi yìí kò gba ẹnu wọlé. Inú ni ó ti ń jò."

Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní kò dá òun lójú, ó ní Ẹ̀mí lè darí omi sí ibi tí ó bá wù ú. Àwọn kan ní àmín. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan kò ní tó wọn. Nígbà náà ni mo ṣe ohun tí àwọn ọmọ mi kò tíì gbà gbọ́ títí di òní: mo fi ìka gba omi ẹnu púlọ́ọ̀gì náà, mo sì tọ́ ọ wò.

Ó korò fún epo. Lẹ́yìn epo náà, ó kún fún iyọ̀.

Oṣù Kejì ni a wà, òjò kò rọ̀. Ní àsìkò náà, omi òkun a máa wọ inú ọ̀sà wọn, omi tí ó yí ilé wọn ká a sì di iyọ̀ gidi. Kò sí ọmọ Ìlàjẹ tí ahọ́n rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

"Ẹ pe Ọlọ́jà," mo wí.

Ọlọ́jà wá. Ó tọ́ omi púlọ́ọ̀gì wò, ó tu ìtọ́ dànù. Ó rìn lórí pákó lọ tààrà sí ilé Ìyá Ẹ́sítà, gbogbo wa sì tẹ̀ lé e. Ìyá ṣí ìkòkò funfun náà pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ó bu omi rẹ̀ fún un. Ọlọ́jà mu ún. Ó tún mu.

"Omi méjì yìí," ó wí níkẹyìn, "wọn kì í ṣe ìbátan."

Ariwo sọ. Ìbídùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó pẹ̀lú ọmọ ní ẹ̀yìn. Ọlọ́jà gbé ọwọ́ sókè.

"Ahọ́n mi ti gbà. Ṣùgbọ́n ìlú kò fi ahọ́n mi wọ ọkọ̀. Kí ẹ́ńjìnnì lọ kọjá òpó àwọ̀n, kí ó sì padà wá. Ọjọ́ náà ni n óò sọ ọ̀rọ̀ mi tán."

Ọ̀dà àti òwú

Orímisàn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń tú orí ẹ́ńjìnnì, èyíinì ni ìdérí irin tí ó bo sìlíńdà méjèèjì, ojú rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ bí ó ti ń tú u. Nígbà tí ó ṣí i, mo rí ohun tí n kò rí rí.

Láàárín ìdérí àti ara ẹ́ńjìnnì ni ohun pẹlẹbẹ kan wà tí à ń pè ní gásíkẹ́ẹ̀tì, tí kò jẹ́ kí omi àti iná pàdé. Ti Orímisàn ti ya, ó sì ti fi òwú tí ó rì sínú ọ̀dà dí ibi tí ó ya. Ọ̀dà náà ti yọ́, ó ti ṣàn lọ, òwú sì ti jóná.

"Lẹ́yìn Kérésì ni mo tú u," ó wí. "Mo rí i pé ó ya. Bàbá mi kọ́ mi pé ibi tí omi bá ti ń wọ ọkọ̀, òwú àti ọ̀dà ni. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti fi ń dí ọkọ̀. Kò sí èyí tí mo dí tí ó jò rí."

Àwọn tó dúró bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Obìnrin kan ní Orímisàn ni ó yẹ kí ó kó ẹrù rẹ̀. Mo dá wọn lẹ́kun. Lára ọkọ̀ onígi, ọwọ́ rẹ̀ kò ní àbùkù. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ọkọ̀ tutù, ẹ́ńjìnnì gbóná. Bí a bá ní kí èmi dí ọkọ̀, amọ̀ ni èmi ì bá lò.

Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo sì sọ ọ̀rọ̀ kan fún un tí n kò kábàámọ̀. "O rí omi, o kò sì wo ọwọ́ ara rẹ kí o tó na ìka sí ìyá arúgbó."

"Òótọ́ ni," ó wí.

Tímótì wa ọkọ̀ lọ sí Òkìtìpupa láti wá gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun.

Oúnjẹ wọn

Kí a tó máa bá a lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ, nítorí pé wọ́n máa ń bi mí. Kò sí iṣu níbẹ̀. Púpurú ni wọ́n fi ń yó, ẹ̀gẹ́ ni, ṣùgbọ́n wọn a ṣù ú ní ìṣù, wọn a fi èéfín yan án, wọn a gé ẹ̀yìn rẹ̀ tó dúdú kúrò kí wọ́n tó gún un. Èmi tí mo lọ ẹ̀gẹ́ fún odidi ìlú, n kò mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ lè ní òórùn bẹ́ẹ̀. Ẹja wọn ni wọ́n ń fi í jẹ, ẹja tí ó ṣì ń jà nígbà tí omi ọbẹ̀ ń hó. Mo gbé èlùbọ́ mi kalẹ̀, wọ́n rò ó, wọ́n jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọn kò bu kún un. N kò bínú. Èmi ti bu púpurú lẹ́ẹ̀mẹta.

Osùn lórí dígí

Gásíkẹ́ẹ̀tì dé. Orímisàn fẹ́ dè é lójú ẹsẹ̀. Mo ní kò tíì yá. Ọkọ mi máa ń sọ pé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lórí irin tí ó ti tẹ̀, aṣọ àlà lórí egbò ni. Ooru ọjọ́ tí omi àti iná ti ń jà nínú rẹ̀ lè ti tẹ ìdérí náà.

"Ẹ gbé e wá sí ilé Ìyá," mo wí.

"Kí ló dé tí a kò fi ṣe é níhìn-ín?"

"Bí ẹ kò bá gbà kí Ìyá dé ibi ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì yóò dé ọ̀dọ̀ Ìyá."

Mo gba dígí tí Tímótì fi ń wojú bí ó bá ń fá irùngbọ̀n, nítorí pé dígí dáradára kì í tẹ̀. Mo po osùn ọmọ mọ́ àdí, mo fi ìka pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ojú dígí náà. Mo dojú ìdérí dé e, mo yí i díẹ̀, mo sì gbé e sókè. Ibi tí irin náà ga gba osùn, ó pọ́n. Ibi tí ó jìn kò gbà. Ní ẹ̀gbẹ́ sìlíńdà ìsàlẹ̀, láàárín rẹ̀ àti ojú ọ̀nà omi, ibì kan dá funfun, ó fẹ̀ tó ìka mi kan.

Orímisàn tẹríba wò ó títí. "Ibẹ̀ ni ó ti ń gbà," ó wí, bí ẹni rí ẹsẹ̀ olè.

A tẹ́ sáńpépà, bébà oníyanrìn tí ń họ irin, sórí dígí, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdérí náà lọ̀ ọ́ yípo. Iṣẹ́ sùúrù ni. Bí apá mi ti rọ, Ìyá Ẹ́sítà na ọwọ́. "Ẹ jẹ́ kí n gbà á," ó wí. Ó ká apá aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó jókòó sílẹ̀, ó sì ń yí i, ó ń kọ orin ìjọ wọn lábẹ́ ọ̀fun. Ọjọ́ méjì ni a fi gbà á fún ara wa. Nígbàkúùgbà tí a bá tún fi osùn wò ó, funfun náà ti kéré sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì mo gbé e kúrò lórí dígí, ó pọ́n yíká, láìku ibì kankan. Mo gbé e fún Ìyá wò. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ́n bíi ti ìyàwó tuntun. Sísọkún ni ó kọ́kọ́ sọkún, kí ó tó rẹ́rìn-ín.

Ìdágbére

Ọjọ́ tí wọ́n dán ẹ́ńjìnnì wò ni ọjọ́ tí mo ń padà sílé. Ọlọ́jà ní ẹni tí ó bá ṣe é ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ẹ̀rù omi ṣì wà lára mi bí ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Ògúnyalé kì í kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wọlé, mo jókòó, mo di etí ọkọ̀ mú.

Orímisàn fa okùn. Ẹ́ńjìnnì gbà á. A fi ebúté sílẹ̀, n kò sì wo iwájú, èéfín ni mo ń wò. Kò funfun. A dé òpó àwọ̀n, ibi tí ó ti máa ń wú ikọ́. Orímisàn di ọwọ́ ẹ́ńjìnnì mú bí ẹni di ọwọ́ aláìsàn mú. A kọjá òpó kìíní, a kọjá ìkẹwàá, a kọjá gbogbo wọn, omi sì ṣí sílẹ̀ níwájú wa. Nígbà náà ni ó ké, igbe tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu ọkùnrin, ó sì yí ọkọ̀ padà.

Ọlọ́jà dúró ní ebúté. Kò fa ọ̀rọ̀ gùn. "Ìlú ti ṣẹ Ẹ́sítà," ó wí. "Kí ó wá sí ibi tí ó ti máa ń dúró."

Wọ́n kó ẹrù mi sínú ọkọ̀. Mo ti gbá ọmọ náà mọ́ra, mo ti dá Ìbídùn lóhùn gbogbo ohun tí ó bi mí. Gbígbéra ọkọ̀ ni ó kù. Ṣùgbọ́n Orímisàn fi okùn sílẹ̀, ó bọ́ sórí pákó, ó sì lọ sí ilé Ìyá fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó jáde, òun ni ó gbé ìkòkò funfun náà, ó gbé e sókè kí ó má baà kan nǹkan kan, Ìyá sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ.

"Wọ́n ọn," ó wí fún un. Ojú rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. "Mi ò ní fa okùn bí ìwọ kò bá wọ́n ọn."

Ìyá Ẹ́sítà ki imọ̀ ọ̀pẹ bọ omi. Ó bojú wò mí.

"Ìyá ọmọ mi, ṣé kò ní wọlé?"

"Ẹ wọ́n ọn dáadáa," mo dá a lóhùn. "Ibẹ̀ ti dí."

Ó wọ́n ọn. Ó wọ́n ọn sí ẹ́ńjìnnì, sí Orímisàn, sí èmi àti ẹrù mi, ó sì wọ́n ọn ju bí ó ti yẹ lọ, títí omi òjò náà fi ń kán láti ara gèlè mi. Orímisàn fa okùn lẹ́ẹ̀kan péré.

Lẹ́tà wọn ń dé títí di òní. Orúnkún mi kò gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mọ́, àwọn náà kò sì tíì rí ààyè wá. Ní ọjọ́ náà, mo yíjú padà, mo sì ń wò wọ́n bí ọkọ̀ ti ń sáré: Ìbídùn tí ó pọn ọmọ, àti Ìyá Ẹ́sítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìpẹ̀kun pákó ebúté, tí ó ṣì ń ju imọ̀ ọ̀pẹ náà sókè. Ìgbà ìkẹyìn tí mo fi ojú kàn wọ́n nìyẹn, Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejì, ọdún 1964.